Kì Í Ṣe Ibikíbi Tí Omi Bá Gbà: Ibi Tí Sẹ́ńsọ̀ Ìgbóná Yẹ Kó Wà Lára Ẹ́ńjìnnì

Láti Second Rainbow títí dé Alákijà, ó ṣòro kí èèyàn yà sí ọgbà mẹkáníìkì méjì kó má gbọ́ ọ: "Omi kan náà ló ń yí ká. Ibi tó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kó o fi sẹ́ńsọ̀ sí." Wọ́n á ní bó wà lára rédíétọ̀, bó wà lára họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀, bó wà lórí tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìròyìn kan náà ni yóò máa gbé lọ fún brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìkejì tí wọ́n jọ ń rìn: pé ilẹ̀ wa gbóná, pé àwọn òyìnbó tí yìnyín ń já bọ́ lé lórí ló nílò tẹ́mósítáàtì, pé ká yọ ọ́ sọ nù ló dára jù. Àṣìṣe ni méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ ló jẹ mí lógún jù, nítorí ó jọ òtítọ́ ju ìkejì rẹ̀ lọ.

Omi kan náà ni lóòótọ́, àmọ́ kì í gbóná bákan náà níbi gbogbo. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e lọ. Wọ́tà-pọ́ǹpù á tì í wọ inú búlọ́ọ̀kù, á yí àwọn sílíńdà ká, á gòkè wọ tọ́ọ̀pù sílíńdà, níbi tí epo ti ń jóná gan-an, tí èéfín gbígbóná sì ti ń gba ẹnu fáàfù jáde. Kò síbi tí ooru ti mú omi tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì. Ẹnu ọ̀nà kan ni omi náà ń gbà kúrò níbẹ̀. Họ́ọ̀sì òkè á gbà á, á gbé e lọ sí rédíétọ̀, atẹ́gùn àti fáànù á mú un tutù, họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ á sì dá a padà sọ́dọ̀ pọ́ǹpù. Láàárín họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀, ìgbóná omi yìí ti lè fi ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius wálẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí a ra rédíétọ̀ fún nìyẹn. Bí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá gbóná dọ́gba, nǹkan ti ṣe é.

Ohun tí a fẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ sọ fún wa ni bí irin tọ́ọ̀pù sílíńdà ti gbóná tó. Omi kàn jẹ́ oníṣẹ́ tó ń gbé ìròyìn náà wá ni. Ìyá tó fẹ́ mọ̀ bóyá ibà ń ṣe ọmọ òun, ọrùn ọmọ ló ń fọwọ́ kàn, kì í ṣe omi ìwẹ̀ tó ti dà nù. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi ń de sẹ́ńsọ̀ mọ́ ẹnu ibi tí omi ti ń jáde lára tọ́ọ̀pù sílíńdà, tàbí lára tọ́ọ̀pù sílíńdà fúnra rẹ̀, kí omi náà tó rí rédíétọ̀ rárá.

Nǹkan kékeré ni sẹ́ńsọ̀ yìí: idẹ ní ara, ike ní orí, wáyà méjì lẹ́yìn. Inú rẹ̀ ni wọ́n sé ègé ohun kan mọ́, tí agbára rẹ̀ láti dènà iná mànàmáná máa ń lọ sílẹ̀ bí ooru bá ṣe ń ga sí i. Michael Faraday ti kíyè sí irú ìwà bẹ́ẹ̀ lára silver sulphide láti 1833, kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dáyé. Lára ọ̀pọ̀ Toyota tó ń rìn nígboro Èkó, sẹ́ńsọ̀ tí ara rẹ̀ dá máa ń fún mítà ní nǹkan bí ohm 2,300 sí 2,600 bí omi bá wà ní ìwọ̀n 20, á sì já wálẹ̀ sí bíi 310 sí 330 bí omi bá dé 80. Brain box á fi iná volt 5 ránṣẹ́ sí i, á wo iye tó padà wá, á sì fi mọ bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó. Ohun tó bá kà níbẹ̀ ló fi ń díwọ̀n epo tí injector yóò tú, àsìkò tí púlọ́ọ̀gì yóò tanná, ìgbà tí fáànù yóò dìde, àti bóyá gíà ọtọmátíìkì lè bọ́ sí èyí tó ga jù tàbí kó ṣì ní sùúrù.

Ẹ wá wò ó bí ẹnì kan bá gbé e lọ sí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀. Láàárọ̀, nígbà tí tẹ́mósítáàtì, ìlẹ̀kùn tó ń dá omi dúró títí á fi gbóná tó, ṣì padé, omi inú họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ kò tíì rìn. Òkè ti ń gbóná, ìsàlẹ̀ ṣì tutù bí omi àmù. Brain box á rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á máa da epo sí i, ẹnu púlọ́ọ̀gì á dúdú. Tó bá di ọ̀sán nínú gòsílóò Mile 2, tí ọkọ̀ dúró tí atẹ́gùn kò fẹ́ sí iwájú rédíétọ̀, tọ́ọ̀pù sílíńdà lè ti kọjá 105 kí omi ìsàlẹ̀ tó dé iye tí fáànù ń dúró dè. Sẹ́ńsọ̀ kò bàjẹ́, kò sì purọ́. Ibi tí a ní kó dúró ló ń ròyìn.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ọkọ̀ tí kò lo omi ló ti wá. Àwa ará Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kò ṣàjèjì sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ojú ọ̀nà Badagry yìí kan náà ni iléeṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní 1975, ọkọ̀ tí atẹ́gùn ń tù lẹ́yìn, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ rédíétọ̀. Ìjàpá tiwa kò ní kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ní 1967, nígbà tí Bosch gbé ètò ìtúpo D-Jetronic jáde, ara Volkswagen 1600 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, ẹ́ńjìnnì alátẹ́gùn tó jẹ́ ìbátan Ìjàpá. Ètò náà gbọ́dọ̀ mọ bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó kó tó lè díwọ̀n epo. Níwọ̀n bí kò ti sí omi, ibo ni wọ́n de sẹ́ńsọ̀ mọ́? Orí sílíńdà gan-an, sára irin. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ omi lásán ni, wọn ì bá má gbé sẹ́ńsọ̀ náà dé ibẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Ford náà fi irú rẹ̀ sára àwọn ẹ́ńjìnnì kan tó jẹ́ olómi pàápàá: sẹ́ńsọ̀ tó wọnú irin tọ́ọ̀pù sílíńdà láìkan omi, kó lè máa sọ òtítọ́ nìṣó bí omi bá tilẹ̀ jò tán.

Kókó tó wà nínú gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ti kó ọ̀pọ̀ awakọ̀ sí wàhálà. Sẹ́ńsọ̀ tiwa gbọ́dọ̀ wà nínú omi kó tó lè sọ̀rọ̀. Bí họ́ọ̀sì bá bẹ́ lójú ọ̀nà, tí omi jò tán, tí sẹ́ńsọ̀ wá ń rọ̀ nínú ooru àti atẹ́gùn, abẹ́rẹ́ géèjì lè padà sọ̀kalẹ̀. Awakọ̀ á ní, "A dúpẹ́, ó ti ń tutù," á sì tẹ̀ ẹ́ síwájú, nígbà tí tọ́ọ̀pù sílíńdà ń yan gbẹ. Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè, tó sì já wálẹ̀ lójijì láìsí pé ẹ dúró, ẹ pa ọkọ̀ náà níbi tó bá dé. Irú nǹkan yìí náà máa ń ṣẹlẹ̀ bí mẹkáníìkì bá rọ omi tuntun sínú ọkọ̀ láìlé atẹ́gùn jáde: atẹ́gùn á kóra jọ sí òkè, níbi tí sẹ́ńsọ̀ wà gẹ́lẹ́.

Ibo ni àṣìṣe yìí ti wá? Mi ò gbà pé òmùgọ̀ ló bí i. Ojú ni àwọn mẹkáníìkì wa fi rí i. Golf àti Passat ayé ọjọ́un, tí tòkunbọ̀ wọn kún Èkó, ní ohun kan tí wọ́n dè mọ́ ara rédíétọ̀, tó ní wáyà, tó sì jọ sẹ́ńsọ̀. Síwíìṣì fáànù ni. Bí omi rédíétọ̀ bá dé nǹkan bí 92 sí 97, á tan fáànù. Bó bá já wálẹ̀ sí 84 sí 91, á pa á. Kò bá brain box sọ ohunkóhun nípa epo. Lára ọkọ̀ yìí kan náà, sẹ́ńsọ̀ gidi jókòó sí ẹnu àbájáde omi lára tọ́ọ̀pù sílíńdà, lábẹ́ ìdè họ́ọ̀sì, níbi tí ojú kì í tètè dé. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lórí Golf rí ti rédíétọ̀ lójoojúmọ́, ó sì wá gbà pé ibẹ̀ ni ilé sẹ́ńsọ̀.

Honda tún wá dá kún un. Civic tó jáde fún 2006 ní sẹ́ńsọ̀ ìgbóná omi méjì: ọ̀kan lára ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan nísàlẹ̀ rédíétọ̀. Brain box ń fi ọ̀kan wé èkejì, ó sì ń fi ìyàtọ̀ wọn mọ bí omi ti ń rìn sí àti bó ṣe yẹ kí fáànù ṣiṣẹ́. Ti ìsàlẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ ti òkè. Síbẹ̀, ẹni tó bá rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan á rò pé bákan náà ni wọ́n, pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì tó.

Ọ̀rọ̀ tẹ́mósítáàtì ló kàn, nítorí òun ló sábà ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìrìnkèrindò yìí. Wọ́n á yọ tẹ́mósítáàtì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, iná check engine á tàn, kóòdù P0128 á jáde: omi kò gbóná dé ibi tó yẹ. Rewáyà á wo kóòdù náà, á ní sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́. Wọ́n á ra tuntun. Iná á tún tàn. Wọ́n á ní bóyá ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà ni kò dára, wọ́n á wá ibòmíràn fún un. Ní ìkẹyìn, wọ́n á so fáànù mọ́ ignition ní "direct", kó máa yí láti ìgbà tí a bá tan ọkọ̀ títí a ó fi pa á. Ohun tó sọnù láti ìbẹ̀rẹ̀ kò tíì padà sáyè rẹ̀.

Pé ilẹ̀ wa gbóná kò dá nǹkan kan sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní oṣù March tí oòrùn ń mú, ìgbóná Èkó kì í sábà kọjá 34 tàbí 35. Tẹ́mósítáàtì ọ̀pọ̀ Corolla máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 84, ẹ́ńjìnnì sì fẹ́ máa ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 90. Ẹ́ńjìnnì tó sùn mọ́jú ní Festac ṣì ní ju ìwọ̀n 50 lọ láti gùn kó tó dé ibi tí ara ti ń tù ú. Ní Dubai àti ní Arizona, tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn ń kọjá 40, tẹ́mósítáàtì wà lára ọkọ̀ wọn. Tẹ́mósítáàtì kì í ṣe ohun tó ń mú ooru wá. Ìlẹ̀kùn ni, bí omi bá ti gbóná tó, á ṣí pátápátá, á sì kúrò lọ́nà.

Bí a bá yọ ọ́, tí ọkọ̀ wá gun Third Mainland Bridge láàárọ̀ tí ọ̀nà ṣí, atẹ́gùn tó ń wọ rédíétọ̀ lè fa ẹ́ńjìnnì padà sí 70 tàbí sísàlẹ̀. Brain box á máa da epo bíi pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kò sẹ́ni tó lè fi epo ṣòfò mọ́ láti 29 May 2023 tí ìjọba ti kéde pé ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti tán, tí lítà kan fi ọjọ́ mélòó kan fò láti nǹkan bí ₦185 sí ₦488 ní Èkó. Èyí tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni pé yíyọ tẹ́mósítáàtì tún lè mú kí ọkọ̀ gbóná jù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, tẹ́mósítáàtì ní abala kejì tó ń dí ọ̀nà àbùjá nígbà tí ọ̀nà rédíétọ̀ bá ṣí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀nà àbùjá á wà ní ṣíṣí gbayawu, apá kan omi gbígbóná á sì máa gba ibẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì láìfojú kan rédíétọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì máa fi dáhùn: wọ́n ti rí tẹ́mósítáàtì tó padé tí kò ṣí mọ́, tó sì ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ ẹ wo omi tí a ń bù sí rédíétọ̀ wa. Omi bọ́họ̀lù ni, irú èyí tó ń fi àbàwọ́n pupa sílẹ̀ lára báàfù àti lára garawa funfun. Ìpẹtà àti ẹrẹ̀ inú rẹ̀ á dí ojú rédíétọ̀, á lẹ̀ mọ́ tẹ́mósítáàtì, á sì bo ẹnu sẹ́ńsọ̀ bí aṣọ, débi pé ìròyìn á máa pẹ́ kó tó wọlé. Kúláǹtì tí a fi omi mímọ́ pò ló ń wo èyí sàn. Ẹni tí kò bá sì fọkàn tán tẹ́mósítáàtì rẹ̀ lè dán an wò nílé. Ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí gáàsì, kó má kan ìdí ìkòkò. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, 82 tàbí 88 tàbí irú rẹ̀. Bí omi bá dé iye yẹn, ẹ ó rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í lanu díẹ̀díẹ̀. Ẹ yọ ọ́ síta, á padé. Bí omi bá hó gidi tí kò lanu, ẹ ra òmíràn. Tí ẹ bá ń dá a padà, ihò kékeré tó ní irin tó ń mì jọ̀jọ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè, nítorí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà jáde.

Ó ku àwọn tó fẹ́ fi géèjì kún ti ọkọ̀ wọn. Mi ò bá wọn wí: abẹ́rẹ́ inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti ṣètò láti dúró sí àárín, bó jẹ́ 80, bó jẹ́ 100, kí ọkàn awakọ̀ lè balẹ̀, nítorí náà ìgbà tó bá fi máa gòkè, ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á gé họ́ọ̀sì òkè, wọ́n á fi páìpù kékeré kan tó ní ojú sẹ́ńsọ̀ sáàárín. Ṣé ibẹ̀ dára? Ibi tí tẹ́mósítáàtì wà ló máa dáhùn. Nínú ẹ́ńjìnnì bíi 1ZZ ti Corolla, ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé nísàlẹ̀ ni tẹ́mósítáàtì wà, nítorí náà omi tó kúrò ní tọ́ọ̀pù sílíńdà ń dé họ́ọ̀sì òkè tààrà, ìròyìn ibẹ̀ sì ṣeé gbà nígbà tí tẹ́mósítáàtì bá ti ṣí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí tẹ́mósítáàtì rẹ̀ wà lẹ́nu àbájáde lókè, bí ọ̀pọ̀ ti àtijọ́, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni sẹ́ńsọ̀ yẹn wà. Lọ́jọ́ tí ìlẹ̀kùn bá há, tí ẹ́ńjìnnì ń sè, géèjì tuntun á máa fi omi tútù hàn yín. Sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìhà ẹ́ńjìnnì, ṣáájú tẹ́mósítáàtì. Kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn.

Bí sẹ́ńsọ̀ géèjì náà bá jẹ́ oníwáyà kan, ara irin ló fi ń rí ẹ́ẹ̀tì. Páìpù tó wà láàárín rọ́bà méjì kò kan irin ibìkan, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fa wáyà ẹ́ẹ̀tì láti ara rẹ̀ lọ sí bọ́dì. Ẹ má sì wé tépù funfun àwọn púlọ́ńbà yí ẹnu rẹ̀ ká láwéjù, torí tépù náà á dí iná lọ́nà. Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà púpọ̀ nínú ọkọ̀ òde òní: bí spanner bá fún un jù, okùn ojú ihò á jẹ, owó tọ́ọ̀nà á sì ju owó sẹ́ńsọ̀ lọ fíìfíì.

Bí ẹ bá ń lọ ra sẹ́ńsọ̀ ní ASPAMDA nínú ọgbà Trade Fair, ẹ mú ògbólógbòó dání, ẹ mú nọ́ńbà chassis ọkọ̀ yín pẹ̀lú, kí ẹ sì sọ fún ọlọ́jà pé ti tọ́ọ̀pù sílíńdà lẹ fẹ́, kì í ṣe ti rédíétọ̀. Ẹ ra tẹ́mósítáàtì àti gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì dúró ti mẹkáníìkì títí yóò fi dá a padà sáyè rẹ̀ kó tó rọ kúláǹtì sí i.